Ọ̀nà wo ni a lè gbà fi owó ìjọba san owó olùtọ́jú bàbá ọkọ mi tó jagun ní Vietnam?

Àṣàkẹ́, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tó ti ń gba oorun lójú mi láti oṣù mélòó kan, mo sì rò pé ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn olùtọ́jú arúgbó àti àwọn tó ti ṣe ṣọ́jà ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí pọ̀ sí bí ibí ni ó yẹ kí n gbé e wá.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni ọkọ mi. Bàbá rẹ̀ pé ọdún 78 ní 2025. Wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1967, wọ́n lo ọdún kan gbáko ní Vietnam láàárín 1968 sí 1969, wọ́n sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé rere. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá wọn wó. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wọn kò bọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà sípò. Wọn kò lè dá wẹ̀, wọn kò lè dá de bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn, bí wọ́n bá sì dìde lóru láti lọ tọ̀, àfi kí ẹnìkan dì wọ́n mú. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí.

Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti dín in kù sí méjì, àìtó owó sì ti ń fún wa lọ́rùn nínú ilé. A pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán olùtọ́jú wá sílé, dọ́là 30 ni wọ́n dá lé wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ dọ́là 1,700 péré ni Social Security, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, tó ń wọlé fún Bàbá lóṣù. Wọ́n ní dọ́là 41,000 ní báńkì, wọ́n sì ní ilé tí wọ́n ń gbé, èyí tí wọ́n ti san gbèsè orí rẹ̀ tán. Wọ́n ti sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé àwọn kò lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, pé ilé tí àwọn àti ìyàwó àwọn fi ọdún 40 gbé ni àwọn yóò máa gbé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Èrò mi ni pé Medicare, ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ni yóò san owó olùtọ́jú. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń kọ́ wọn rìn dẹ́kun àtiwá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo tó mọ̀ pé Medicare kì í san owó ẹni tí yóò máa wẹ arúgbó, tí yóò máa wọṣọ fún un, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ará ìjọ wa kan wá sọ fún mi pé owó kan wà ní VA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ṣọ́jà àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Aid and Attendance. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ẹni tí ìbọn bà lójú ogun nìkan ló wà fún. Ẹnìkẹta ní àfi kí Bàbá kọ́kọ́ ná owó báńkì wọn tán, kí wọ́n sì ta ilé. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀nà kan wà tí ìjọba tí wọ́n jagun fún fi lè bá wa gbé ẹrù yìí? Ǹjẹ́ ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n sanwó fún èmi tí mò ń tọ́jú wọn?


Àgbà Killeen

Arábìnrin Àṣàkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ọkàn rere. Ọdún 22 ni mo fi ṣe ṣọ́jà Amẹ́ríkà kí n tó fẹ̀yìntì sí Killeen níbí, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi àkókò mi ran àwọn ṣọ́jà àtijọ́ àti àwọn opó wọn lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi gbólóhùn kan dáhùn.

Ọwọ́ méjì ni VA ní. Ọwọ́ kan ń pín owó, ọwọ́ kejì ń ṣe ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn àti nínú ilé aláìsàn. Fọ́ọ̀mù wọn yàtọ̀, òfin wọn yàtọ̀, ẹni tó bá sì béèrè lọ́dọ̀ ọ̀kan kò tíì béèrè lọ́dọ̀ èkejì. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ ni pé ìdílé á gbọ́ orúkọ Aid and Attendance, wọn á sáré lọ sí ibi owó, wọn á jókòó máa retí èsì fún ọ̀pọ̀ oṣù, láìmọ̀ pé olùtọ́jú tí ilé ìwòsàn VA ìbá ti rán wá sílé kò ní í fi owó náà ṣe. Ẹ kan ilẹ̀kùn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Mo rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì wà níbí, wọn yóò sọ nípa ti ìtọ́jú jù mí lọ. Èmi yóò sọ nípa ti owó.

Ẹni tó sọ pé àfi ẹni tí ìbọn bà kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Aid and Attendance kì í ṣe owó tó dá dúró, àfikún ni lórí owó ìrànwọ́ tí VA ń pè ní pension, èyí tí kò jọ owó ìfẹ̀yìntì tí èmi ń gbà nítorí pé mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣọ́jà ìgbà ogun tó ti pé ọdún 65 ni ó wà fún, tàbí ẹni tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé, bí owó tó ń wọlé fún un àti ohun ìní rẹ̀ kò bá kọjá gbèdéke. Kò pọn dandan kí ó farapa lójú ogun, kò tilẹ̀ pọn dandan kí ó dé ojú ogun rárá. Ẹni tó wọ iṣẹ́ kí oṣù kẹsàn-án 1980 tó dé kò ju kí ó ti lo 90 ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà ogun. Ní ti ogun Vietnam, òfin ka ìgbà ogun láti 5 oṣù kẹjọ 1964 títí di 7 oṣù karùn-ún 1975, ti àwọn tó sì ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Vietnam gan-an bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù kọkànlá 1955. Bàbá yín wà láàárín rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni VA yóò wá wò ó bóyá ẹni náà nílò ọwọ́ ẹlòmíràn láti wẹ̀, láti wọṣọ, láti jẹun tàbí láti bọ́ lọ́wọ́ ewu inú ilé. Ẹni tí kò lè dá wẹ̀ tí kò sì lè dá de bọ́tìnnì ni wọ́n ṣe àfikún náà fún.

Ní ti ohun ìní, ẹ má ta ilé o. VA kì í ka ilé tí ṣọ́jà ń gbé mọ́ ohun ìní rẹ̀, wọn kì í sì í ka ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹrù inú ilé rẹ̀. Gbèdéke ohun ìní láti 1 oṣù kejìlá 2024 sí 30 oṣù kọkànlá 2025 jẹ́ dọ́là 159,240, owó tó ń wọlé lọ́dún sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣírò mọ́ ọn. Owó báńkì Bàbá kò sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi ṣe é díẹ̀díẹ̀. Iye tí òfin dá fún ṣọ́jà tí kò ní ìyàwó, tó sì yẹ fún Aid and Attendance, jẹ́ dọ́là 28,300 lọ́dún fún àkókò kan náà. Iye yẹn kọ́ ni VA máa ń kó fúnni. Wọn a yọ owó tó ń wọlé kúrò nínú rẹ̀, wọn a sì san ìyókù. Social Security Bàbá jẹ́ 20,400 lọ́dún. Bí a bá yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, 7,900 ni yóò kù, ìyẹn nǹkan bí dọ́là 658 lóṣù, ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń sọ pé owó náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òfin gba VA láyè láti kọ́kọ́ yọ owó ìtọ́jú tí Bàbá ń fi àpò ara wọn san kúrò nínú owó tó ń wọlé fún wọn, owó olùtọ́jú ilé sì wà lára owó ìtọ́jú. Ká ní wọ́n ń san dọ́là 1,500 lóṣù fún olùtọ́jú, 18,000 ni lọ́dún. 848 àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni VA kò ní ṣírò, 17,152 ni yóò sì bọ́ kúrò. Owó tí VA yóò gbà pé ó ń wọlé fún Bàbá yóò wá di 3,248, owó tí wọn yóò san yóò sì di 25,052 lọ́dún, ìyẹn dọ́là 2,087 lóṣù. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ti tó. Owó Medicare tí wọ́n ń yọ lára Social Security wọn pàápàá wà lára ohun tí ẹ lè kọ sílẹ̀.

Olùtọ́jú tí Bàbá ń sanwó fún yìí lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Kò ní kí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó náà gbọ́dọ̀ kúrò lápò Bàbá bọ́ sápò yín ní tòótọ́, kí ìwé àdéhùn wà, kí ẹ máa san án láti báńkì tàbí pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì tó ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì kà á mọ́ owó iṣẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwé owó orí. Fọ́ọ̀mù 21P-8416 ni ẹ óò kọ owó ìtọ́jú sí. Fọ́ọ̀mù 21P-527EZ ni ti pension fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mù 21-2680 ni dọ́kítà yóò kọ. Kí ẹ tó kọ ìkankan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ fi ìpinnu wọn tó VA létí, èyí tí fọ́ọ̀mù 21-0966 wà fún, tí a sì lè fi fóònù ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún kan wà fún yín láti parí ìwé, bí wọ́n bá sì gbà á, ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti ṣírò owó bọ̀.

Mo fẹ́ béèrè ohun kan tí ẹ kò sọ. Ǹjẹ́ Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn? Mo béèrè nítorí kẹ́míkà Agent Orange tí wọ́n fi ń wọ́ ewé igi igbó Vietnam dànù. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Vietnam nígbà náà, òfin gbà pé ó ti kan kẹ́míkà náà, bí ó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà onípele kejì, àìsàn ọkàn tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dídí ń fà, tàbí Parkinson, òfin gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Òfin PACT tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2022 ti fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Owó tí ìyẹn ń mú wá kì í ṣe pension mọ́, owó gbà-má-bínú ni, VA kì í sì í wo ohun ìní ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó san án. Ẹni tí VA bá gbà pé àìlera rẹ̀ tó ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò ní ìyàwó, gba dọ́là 3,831 lóṣù ní 2025. VA kì í san méjèèjì pọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń san. Nítorí náà ẹ má ṣe dúró sórí pension kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú ara Bàbá.


Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́, Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àgbà Killeen, ẹ ti là á dáadáa. Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ilẹ̀kùn kejì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ara ń tètè tu ìdílé.

Ṣé Bàbá ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn VA? Ní Houston, ilé ìwòsàn Michael E. DeBakey ni. Fọ́ọ̀mù 10-10EZ ni wọn yóò kọ. Láti 5 oṣù kẹta 2024, gbogbo ṣọ́jà tó ti kan kẹ́míkà olóró lẹ́nu iṣẹ́ ló lè forúkọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé VA ti kọ́kọ́ gbà pé ó ní àìsàn kan láti ojú ogun, Bàbá tó lọ sí Vietnam sì wà lára wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ní dọ́kítà níbẹ̀, ẹ béèrè fún social worker, òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn àti ìdílé rẹ̀ wá ìrànwọ́, kí ẹ sì dárúkọ Homemaker and Home Health Aide fún un. Ètò yìí ni wọ́n fi ń rán olùtọ́jú láti ilé-iṣẹ́ tí VA ti bá ṣàdéhùn wá sílé, láti wẹ̀ fún aláìsàn, láti wọṣọ fún un àti láti bá a wá oúnjẹ. Àìlera ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbà á wọlé, kì í ṣe owó báńkì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí àwọn kan dá díẹ̀ sí i nínú owó náà, ó sinmi lórí ipò tí ṣọ́jà wà. Ẹ má sì retí pé ẹnìkan yóò máa jókòó ti Bàbá tọ̀sán-tòru. Wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ ni, bí àìlera bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ń pín in. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá gba ìwẹ̀ òwúrọ̀ lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ óò lè padà síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta náà.

Ẹ béèrè fún respite pẹ̀lú. Ìsinmi olùtọ́jú ni, ó lè tó 30 ọjọ́ lọ́dún, kí ẹ̀yin náà lè sùn, kí ẹ lọ rí ìyá yín. Mo ti rí obìnrin tó jẹ́ pé olùtọ́jú ló dùbúlẹ̀ ṣáájú ẹni tó ń tọ́jú, nítorí kò mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi.

Èyí tí yóò dáhùn ìbéèrè yín nípa sísanwó fún yín ni Veteran-Directed Care. Wọn yóò dá iye owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú Bàbá lóṣù, Bàbá ni yóò sì yan ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ ará ilé tàbí aládùúgbò. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn VA ló ti ní in, ẹ bi social worker léèrè. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Elizabeth Dole pè, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 2 oṣù kìíní 2025, ti jẹ́ kí owó tí VA lè ná lórí ìtọ́jú ẹnìkan nínú ilé rẹ̀ gòkè láti ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọn ìbá ná lórí rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú arúgbó títí dé gbogbo iye náà. Fún ẹni bíi Bàbá tó ní òun kò fi ilé òun sílẹ̀, òfin yẹn tóbi.

Mo tún ní láti kìlọ̀ nípa ọjọ́ tí ẹ óò rí dọ́kítà. Àwọn ṣọ́jà àtijọ́ kì í fẹ́ ráhùn. Mo tọ́jú bàbá kan tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù kan, ṣùgbọ́n nígbà tí dọ́kítà bi í pé báwo ni, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan, ó ní kò sí wàhálà kankan. Ohun tí dọ́kítà gbọ́ ni ó kọ sílẹ̀, VA kò sì gba ìbéèrè rẹ̀. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀: iye ìgbà tí wọ́n jí yín lóru, ọjọ́ tí wọ́n ṣubú, ohun tí wọn kò lè ṣe láìsí ọwọ́ yín, oògùn tí wọ́n gbàgbé láti lò. Ẹ mú un dání lọ. Orúkọ àìsàn nìkan kò tó lórí fọ́ọ̀mù 21-2680. Ohun tí apá àti ẹsẹ̀ kò lè ṣe mọ́ ni ẹ ní kí dọ́kítà kọ, ní kíkún.


Ọmọ Ìjẹ̀bú, Atlanta

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Tèmi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí títí di òní, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí Arábìnrin Àṣàkẹ́.

Bàbá ìyàwó mi ṣe ṣọ́jà nígbà ogun Korea. Ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ràn àwọn ṣọ́jà pe àwọn arúgbó àdúgbò wa jọ, ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní òun mọ ọ̀nà tí owó VA yóò fi tètè jáde. Ó gba dọ́là 2,500 lọ́wọ́ Bàbá láti kọ fọ́ọ̀mù, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn láti kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìfipamọ́ wọn sínú annuity, àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò fi ń san owó náà padà díẹ̀díẹ̀, kí ó má bàa hàn. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ ni a tó mọ òfin. Láti 18 oṣù kẹwàá 2018 ni VA ti ń wo ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ẹni tí ohun ìní rẹ̀ ti kọjá gbèdéke bá fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gbé owó kúrò lọ́wọ́, wọ́n lè dá pension rẹ̀ dúró fún ìgbà tó lè tó ọdún márùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá nìyẹn. Kò rí pension gbà, annuity náà kò sì jẹ́ kí ó rí owó ara rẹ̀ fà yọ láìsan owó ìtanràn, nígbà tí ó sì nílò olùtọ́jú jù lọ, àwa ọmọ ni a ń dá owó jọ.

Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gba owó lọ́wọ́ ṣọ́jà nítorí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó ń kọ sí VA. Àwọn tó ní àṣẹ láti ràn yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ wà: àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́jà àtijọ́ bíi American Legion, VFW àti DAV, òṣìṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yàn fún ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà, àti Texas Veterans Commission ní ìpínlẹ̀ tiyín.

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, ìyá ìyàwó mi lọ bá ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ọ̀fẹ́ yìí, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì rí Aid and Attendance ti opó gbà. Iye tí òfin dá fún opó tí kò ní ọmọ kékeré láti 1 oṣù kejìlá 2024 sí 30 oṣù kọkànlá 2025 jẹ́ dọ́là 18,187 lọ́dún, ìṣirò rẹ̀ sì rí bí èyí tí Àgbà ṣe lókè.


Àṣàkẹ́, Houston

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún ọkọ mi lálẹ́ àná, kò sì sí èyí tí a fò. Ẹ ṣé gan-an ni.

Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà onípele kejì láti 2006, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí n tó wọ ìdílé wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí pé ó lè ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Vietnam. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi lọ sí VA láti 50 ọdún ó lé, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní nígbà tí àwọn dé láti ojú ogun, kò sí ẹni tó kí àwọn káàbọ̀, àwọn sì ti bá ara àwọn ṣèlérí pé àwọn kò ní tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi sọ fún wọn pé gbèsè ni èyí, kì í ṣe ìtọrẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ òsì sí àpótí kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Inú rẹ̀ ni a ti rí DD214 wọn, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún wọn nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun.

Ohun kan ṣì ń dà mí lọ́kàn rú. Ojú ń tì mí láti gba owó nítorí pé mò ń tọ́jú bàbá ọkọ mi. Nílé wa ní Ọ̀ṣogbo, ìyá mi tọ́jú ìyá bàbá mi fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ owó. Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá ètò mìíràn wà yàtọ̀ sí Veteran-Directed Care, bí ilé ìwòsàn wa kò bá ní in.


Àgbà Killeen

Ìtọ̀ ṣúgà láti 2006 àti ẹ̀jẹ̀ ríru! Ohun tí mo ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù 21-526EZ fún owó gbà-má-bínú, kí ẹ kọ ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sí i, kí ẹ sì kọ rọpárọsẹ̀ náà sí i gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó ti ara àwọn méjì yẹn jáde. Ẹ bẹ dọ́kítà tó tọ́jú rọpárọsẹ̀ náà kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá gbà pé àwọn àìsàn méjèèjì ló fà á, nítorí lórí ìyẹn ni VA yóò gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà. Ẹ fi ìwé pension sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. VA ni yóò yan èyí tó pọ̀ jù.

Èyí ló sì dáhùn ìbéèrè yín kejì. Bí wọ́n bá fún Bàbá ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ètò olùtọ́jú ìdílé tí wọ́n ń pè ní PCAFC yóò ṣí sílẹ̀ fún yín láti béèrè. Òfin 2010 ló dá a sílẹ̀. Àwọn tó farapa gidigidi lẹ́nu iṣẹ́ ní 11 oṣù kẹsàn-án 2001 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ wà fún, wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà ìgbà ogun Vietnam ní oṣù kẹwàá 2020, ó sì kan ṣọ́jà ìgbà gbogbo láti oṣù kẹwàá 2022. Ìyàwó ọmọ lè jẹ́ olùtọ́jú níbẹ̀. VA yóò máa san owó fún olùtọ́jú fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, wọn yóò sì kọ́ ọ níṣẹ́. Wọ́n ń béèrè pé kí aláìsàn nílò ìtọ́jú ojúkojú fún oṣù mẹ́fà léraléra ó kéré tán. Fọ́ọ̀mù 10-10CG ni.

Ní ti ojú tó ń tì yín, mo mọ ibi tí ó ti wá, nítorí ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá yín ń tọ́jú màmá bàbá yín, ìyàwó bàbá yín mìíràn wà nílé, àwọn àǹtí wà, ọmọ aládùúgbò ń pọnmi, oko sì wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ wà ní Houston, owó ilé àti owó iná kò sì mọ̀ pé ẹ ń ṣe rere. Owó yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ lè máa ṣe é lọ.

Ẹnìkan bi mí nínú lẹ́tà pé bàbá òun tó ṣe ṣọ́jà níhìn-ín fẹ́ padà sí Abẹ́òkúta, pé ṣé gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò tẹ̀lé e. Owó gbà-má-bínú yóò tẹ̀lé e dé Abẹ́òkúta. Olùtọ́jú tí VA ń rán wá sílé kò ní tẹ̀lé e, ìtọ́jú tí VA sì ń san owó rẹ̀ ní òkè òkun kò kọjá ti àìsàn tí wọ́n ti gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á. Kí ó rò ó dáadáa kí ó tó ta ilé.


Àṣàkẹ́, Houston

A pe 1-800-827-1000 ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ òní. Bàbá fúnra wọn ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò já gaara látìgbà àìsàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ka nọ́ńbà iṣẹ́ ológun wọn láti orí láìwo ìwé. Ẹni tó gbé fóònù náà ti kọ ọjọ́ òní sílẹ̀ fún wọn, fún owó gbà-má-bínú àti fún pension. A óò rí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́bọ̀, mo sì ti ra ìwé kékeré tí Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ wí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sínú rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá jí mi lóru àná.